Ẹ̀gẹ́ Tó Dára La Kọ́kọ́ Ń Jẹ

Ọjọ́ tí Gaston kọ́kọ́ dé oko Sidonie ní Odomèta, ìbọ̀sẹ̀ funfun ló wọ̀ wá. Ẹ gbọ́ mi o, ìbọ̀sẹ̀ funfun, nínú ẹrẹ̀ òjò! A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, ìjọba wá ń rán àwọn ọmọkùnrin Àjàṣẹ́ ká oko kiri pé kí wọ́n wá ohun tó ń pa ẹ̀gẹ́. Èyí kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó wọ àárín ebè, ó fa ẹ̀gẹ́ kan tu, ó gbé e sójú bí ẹni ń ka lẹ́tà.

"Ta ló bí ìwọ?" Sidonie bi í láti ẹ̀yìn.

Gaston fò sókè. Obìnrin náà dúró, ọkọ́ léjìká. Opó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, Ìyá Agathe ni wọ́n sì ń pè é nítorí ọmọ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ tóbi. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá ti délé, ìdí òun ṣì wà lójú ọ̀nà oko.

"Ẹ má bínú, ìyá. Ìjọba ló rán mi. Àrùn ẹ̀gẹ́ yín ni mo ń wá ìdí rẹ̀."

"Tún un gbìn."

"Mo ti fà á tu, kò lè..."

"Mo ní o tún un gbìn!"

Ó gé igi rẹ̀, ó tì í bọlẹ̀, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè. Sidonie rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín ẹ̀gàn ni.

Àrùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ṣá. Ewé ń kájọ, ó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìdí ẹ̀gẹ́ kò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Ṣàngódélé, ẹ̀gbọ́n ọkọ tó kú, ti mọ ẹni tó fà á ní tirẹ̀. Ó fẹ́ ṣú Sidonie lópó, obìnrin náà wo eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu rẹ̀, ó ní òun kò ṣe. Láti ìgbà náà ló ti ń wí pé òkú ló ń bínú, pé bí wọ́n bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ opó olóríkunkun, àrùn á lọ. Àgbà tí kò rí obìnrin gbé, ilẹ̀ ni yóò máa wò.

Gaston ń padà wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

"Ilẹ̀ yín ló ti gbó, Ìyá Agathe," ó wí lọ́jọ́ kan.

"Ilẹ̀ tó gbó náà ni àgbàdo mi ti yọmọ méjì-méjì yìí? Akọ̀wé, ojú ńlá tí kò ríran!"

Ojú tì í. Ó gbin ebè méjì síbi kan náà: ọ̀kan, igi ẹ̀gẹ́ Sidonie, èkejì, igi tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ní ìlú Adakplamè, lára èyí tí ewé rẹ̀ mọ́. Ó ń ro ó, ó ń jẹ gààrí obìnrin náà, ó ń gba èébú.

"Ìyá Agathe, mo nífẹ̀ẹ́ yín."

"Ìfẹ́? Kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú."

Àmọ́ ọkàn Sidonie ti ń fà sí i. Ó ń bú u kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ ni.

Nígbà tó tó oṣù méjì, ewé kájọ lórí ebè ti Sidonie. Ti Adakplamè dán bí ẹni fi òróró pa á. Àṣé igi ló ń gbé àrùn, kì í ṣe ilẹ̀. Ilé mọ́kànlá ni Sidonie ti di igi ẹ̀gẹ́ fún lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo mọ́kànlá ni oko wọn ń ṣàìsàn.

Ní ọjọ́ kẹta sí i, Ṣàngódélé pe ìlú jọ síwájú ilé rẹ̀ láti gba ilẹ̀. Wọ́n ní kí akọ̀wé sọ ohun tó rí. Gaston wo Sidonie.

"Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá."

"Irọ́ ni!" Sidonie dìde. "Igi mi ló gbé e wá. Èmi ni mo pín in fún yín."

"Ẹ gbọ́! Ó jẹ́wọ́!" Ṣàngódélé ké.

"Ẹ jókòó, ọkọ mi àgbà, n kò tíì parí. Bí a bá ń hú ẹ̀gẹ́ tuntun, ilé ta ni èyí tó tóbi ń lọ?"

Ó na ìka sí ilẹ̀kùn Ṣàngódélé.

"Ilé yín ni. Àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹ. Èyí tó dá ṣáṣá la ń hú fún yín, igi rẹ̀ a gbẹ dànù. Olókùnrùn ló ń dúró lóko títí òjò fi dé, igi tirẹ̀ la wá ń gbìn. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe nílé gbogbo. Àrùn la fi ń ṣe irúgbìn, èmi òmùgọ̀ sì ń dì í fún ènìyàn, mo tún ń retí kí wọ́n dúpẹ́!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ ló ń fi rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ Barnabé náà rẹ́rìn-ín.

"Ṣàngódélé, ikùn rẹ ti bá wa jẹ oko tán. Kí Sidonie tu tirẹ̀, kí ó sun ún, kí ó gbin igi tó mọ́. Ilẹ̀ di tirẹ̀."

Ṣàngódélé wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Gaston sáré bá Sidonie lọ́nà.

"Nítorí yín ni mo ṣe purọ́."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kẹ́gàn rẹ. Ká ní wọ́n gbà ọ́ gbọ́, wọn ó tún gbin àrùn lọ́dún tó ń bọ̀, ebi á sì pa ọmọ wọn. Ẹni tó bá purọ́ nítorí mi lónìí, á purọ́ fún mi lọ́la."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ilé mọ́kànlá. Fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó ń pa ẹ̀gẹ́ wọn, ẹni tó fún wọn, àti irọ́ tí o pa."

Ní ilé kìíní, ilẹ̀ ló ń wò sọ̀rọ̀. Ní ilé karùn-ún, wọ́n da omi tí wọ́n fi fọ àwo sí i lára. Sidonie kò fi í sílẹ̀. Wọ́n jọ gba omi náà ni. Nígbà tí wọ́n dé ilé kọkànlá, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó Félicité, Gaston sọ ọ́ láìgbé ojú sílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá náà yíjú sí Sidonie.

"Sidonie, ta ni ọkùnrin tó ń bú ara rẹ̀ dáadáa báyìí?"

"Ọkọ mi ni, ìyá. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń bú ara ẹni."

Sidonie ti ọkọ́ bọ Gaston lọ́wọ́.

"Má dúró bí òpó níbẹ̀, olólùfẹ́ mi. Ẹ̀gẹ́ ìyá yìí ni ká kọ́kọ́ tu."