Ewé Ìdí Róòsì Kíkẹ́

Orúkọ ọmọ náà ni Kíkẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Súrùlérè ni ilé wọn wà.

Nígbà yẹn, owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọyẹ́ náà ti dé. Ilé ìwé ṣì wà ní ìsinmi, ètè gbogbo ọmọ àdúgbò sì ti bó.

Kíkẹ́ ní ẹ̀gbọ́n mẹ́ta. Aṣọ tó ń wọ̀, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bàtà tó ń wọ̀, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Kódà síbí tó fi ń jẹun, ti ẹ̀gbọ́n ni tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n róòsì tó wà níwájú ilé, ti Kíkẹ́ nìkan ni.

Àǹtí Evelyn ló fún un. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà, yàrá òkè ni wọ́n sì ń gbé. Wọ́n mú ọ̀pá róòsì méjì bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Wọ́n fún Bàbá Kọ́lápọ̀, aládùúgbò wọn, ní ọ̀kan. Wọ́n fún Kíkẹ́ ní ọ̀kan.

"Igi yìí kì í yọni lẹ́nu," Àǹtí Evelyn ní. "Gbìn ín, bomi rin ín, kí o jẹ́ kó máa dàgbà."

Kíkẹ́ gbìn ín. Ó hù. Ó yọ ewé. Ó ga dé orúnkún rẹ̀.

Àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé. Ewé kan pọ́n rúsúrúsú, ó já. Ewé kejì pọ́n rúsúrúsú, ó já.

Kíkẹ́ fi agolo mílíìkì bomi rin ín láàárọ̀. Ó bomi rin ín lọ́sàn-án. Ó bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Tó, tó, tó. Síbẹ̀, ewé ń já.

Ìyá Àgbà, tó bí bàbá Kíkẹ́, wò ó, wọ́n mi orí.

"Èyí ń kú lọ," wọ́n ní. "Tó bá fi di Sátidé tí kò sàn, ata la ó gbìn síbẹ̀. Ata ṣe é jẹ."

Kíkẹ́ kúnlẹ̀ ti róòsì rẹ̀. Nǹkan tirẹ̀ kan ṣoṣo láyé, wọ́n fẹ́ fi ata rọ́pò rẹ̀.

Àràárọ̀ ni Kíkẹ́ ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Ṣáá, ṣáá, ṣáá. Ìyá Àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá ṣeré.

"Gbá a dé ìdí igi yẹn," wọ́n á ní. "N kò fẹ́ rí ewé kan níbẹ̀."

Kíkẹ́ á gbá a dé ìdí igi. Ṣáá, ṣáá, ṣáá. Ilẹ̀ á mọ́ tónítóní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ẹ̀yin náà ń gbálẹ̀ nílé yín, àbí? Ẹ má purọ́ fún mi o.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, Ìyá Àgbà rán Kíkẹ́ lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ Bàbá Kọ́lápọ̀. Télọ̀ ni Bàbá Kọ́lápọ̀. Kẹrẹrẹ, kẹrẹrẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ń dún.

Kíkẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí róòsì tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Òdòdó pupa mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Kíkẹ́ ní, "kí lẹ ń ṣe fún un?"

"Igi yẹn? N kò ṣe nǹkan kan fún un. Omi tí mo bá fi bọ́jú láàárọ̀ ni mo máa ń dà síbẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an, n kì í ráyè gbá a. Má sọ fún ìyá àgbà rẹ o."

Lóòótọ́, ilẹ̀ náà kò ṣe é wò. Ewé máńgòrò gbígbẹ ti bò ó. Kíkẹ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé náà.

Ó tutù. Ekòló kan rọra kọjá lára ìka rẹ̀.

Kíkẹ́ sáré lọ sílé. Ó tilẹ̀ gbàgbé aṣọ. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀ ìdí róòsì tirẹ̀.

Ó le. Ó gbóná. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bù síbẹ̀, oòrùn ti fà á gbẹ.

Kíkẹ́ jókòó. Ó ronú. Ó tún ronú.

"Èmi ni," ó sọ jẹ́jẹ́. "Èmi ni mò ń gbá aṣọ ìbora rẹ̀ dànù."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Kíkẹ́ gbálẹ̀. Ṣáá, ṣáá, ṣáá. Ṣùgbọ́n kò da ewé nù. Ó kó gbogbo rẹ̀ sí ìdí róòsì. Ó wá bu omi agolo kan sí i.

Lọ́sàn-án, Ìyá Àgbà ti ọjà dé. Wọ́n dúró. Wọ́n wò.

"Kíkẹ́, ta ló da pàǹtí síwájú ilé mi?"

"Èmi ni, mà." Kíkẹ́ sáré dúró síwájú róòsì rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ ká gbá a. Tí a bá gbá a, yóò kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, mà. Ọwọ́ mi ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Kíkẹ́ mú ọwọ́ Ìyá Àgbà. Ó gbé e lé ilẹ̀ lásán.

"Ibí yìí ńkọ́, mà?"

"Ó gbóná."

Ó ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ ewé.

"Ibí yìí ńkọ́?"

"Ó tutù." Ìyá Àgbà kò tètè yọ ọwọ́ wọn.

"Lóko bàbá mi," wọ́n ní, "tí a bá gbin iṣu tán, koríko la fi ń bo orí ebè, kí oòrùn má baà se iṣu mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo kéré bíi tìẹ, èmi ni mo máa ń ru koríko náà. Wo bí mo ṣe dé Èkó tí mo gbàgbé."

Lọ́jọ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó gbin ata. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló mú ìgbálẹ̀. Ṣáá, ṣáá, ṣáá. Nígbà tí wọ́n dé ìdí róòsì, wọ́n yí i ká, wọn kò fọwọ́ kan ewé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ sílé Bàbá Kọ́lápọ̀. Ẹ̀rù ba Bàbá Kọ́lápọ̀. Wọ́n ti ń wá ìgbálẹ̀ kiri.

"Jókòó," Ìyá Àgbà ní. "Ewé ni mo wá tọrọ."

Kíkẹ́ wá ń bomi rin róòsì lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, láàárọ̀. Ó ń dúró. Dídúró yìí kò rọrùn fún un.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ewé kò já mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ewé tuntun kékeré yọ.

Oṣù kan kọjá, ó lé díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè kan, Kíkẹ́ jáde síta. Òdòdó pupa kan ti là.

Kíkẹ́ kò pariwo. Ó lọ fa Ìyá Àgbà lọ́wọ́ wá. Ìyá Àgbà fọwọ́ ti ìbàdí, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbóòórùn òdòdó náà.

"Àṣàbí," wọ́n pè é.

Oríkì Kíkẹ́ nìyẹn. Ìyá Àgbà kì í pè é bẹ́ẹ̀ lásán.

"Àṣàbí, o ṣeun tí o sọ fún mi."

Inú Kíkẹ́ dùn. Ó sún mọ́ Ìyá Àgbà, ó fi orí ti ìtan wọn. Àwọn méjèèjì ń wo òdòdó náà títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì fi lù.