Ẹni Tó Ń Pe Àwọ̀ fún Ayàwòrán

Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, pákó mẹ́ta léjìká, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń dá ẹnì kan lóhùn, òun ò sì gbọ́ ohùn ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wí. "Kí n bu omi díẹ̀ sí i? Mo gbọ́."

Káfíńtà yọjú wolé. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ayàwòrán nìkan ló kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn, tó ń fi ìka wá ọ̀nà lórí kánfáàsì tó ga tó àgbàlagbà èèyàn.

Oṣù karùn-ún rèé tí ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀. Àfihàn àwòrán rẹ̀ ku ọ̀la, bí ayé bá sì gbọ́, àánú ni wọn yóò máa ṣe é, wọn ò ní wo iṣẹ́ mọ́. Ohun tí obìnrin náà kò fẹ́ rárá nìyẹn. Káfíńtà wá di ojú rẹ̀. Ó so okùn mọ́ ọrùn ike ọ̀dà kọ̀ọ̀kan: kókó kan fún funfun, méjì fún yẹ́lò, mẹ́ta fún pupa, mẹ́rin fún búlúù, márùn-ún fún dúdú.

Ìyókù, ká sọ tòótọ́, ọwọ́ obìnrin náà ló ń ṣe é. Ọ̀dà akíríìlì kì í dúró de ọ̀lẹ. Kéèyàn tó jẹun tán, ó ti gbẹ. Á kun yẹ́lò, á jẹ́ kó gbẹ, á fi búlúù tó ti fomi là kùn ún lórí, àwọ̀ ewé tí ẹnikẹ́ni ò pò á sì yọ láàárín méjèèjì. Á tún kun òmíràn, á fi sáńpépà ha á títí tí ìsàlẹ̀ á fi yọjú. Kò ya igi, kò ya èèyàn, síbẹ̀ ẹni tó bá wò ó kì í lè tètè kúrò níbẹ̀. Káfíńtà máa ń sọ pé bí òun bá tún ayé wá, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun lòun ó tọrọ.

Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ìkánjú ò jẹ́ kó rántí. Lọ́jọ́ Ajé tó ń lọ ra pákó férémù nílùú kejì, ó fọ àwọn ike, ó sì sáré tún okùn so. Ìgbà tó dé ọ̀hún ló yé e pé okùn oníkókó mẹ́ta lòun so mọ́ dúdú, tí òun so oníkókó márùn-ún mọ́ pupa. Ó pe fóònù títí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í gbé e bó bá ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kẹta ló tó rí ọkọ̀ tó gbé òun àti pákó padà, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ títí tó fi délé.

Ó wá gbójú sókè wo kánfáàsì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Pupa wà níbi tó yẹ kó wà, lábẹ́ búlúù, bí ẹyín iná tí eérú bò. Dúdú ò kọjá àyè rẹ̀. Kò rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nà sí àwọn ike. Ó kan okùn oníkókó mẹ́ta, ó dúró, ó fetí sílẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó sì mú èyí tó ní márùn-ún. Pupa gan-an ni.

"O ṣeun," ló wí jẹ́jẹ́ sápá ọ̀tún rẹ̀, níbi tí kò sẹ́nì kankan. "Káfíńtà, láti ọjọ́ Ajé o ò tíì jókòó. Ìwọ lo so kókó òdì, ìwọ náà lo tún ń tọ́ mi sọ́nà. Ṣé ọ̀fun ń dùn ọ́ ni? Ohùn rẹ ò lọ sókè."

Pákó kan yọ̀ léjìká Káfíńtà, ó gbá ilẹ̀kùn.

Ayàwòrán gbórí sókè. "Jọ̀ọ́, bá mi wo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ẹsẹ̀ dún nílẹ̀ yàrá, bẹ́ẹ̀ Káfíńtà ò rí ẹni tó ń rìn. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró níwájú Káfíńtà gan-an, débi pé ó ń gbọ́ òórùn ọ̀dà tútù. Káfíńtà fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn ò jáde. Níwájú rẹ̀ níbẹ̀ ló ti wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa báṣẹ́ yín lọ."