Ojú Ewé Tó Funfun

"Ìyá àgbà, bí òkun bá fẹ́ ya wọlé, ọ̀rọ̀ pupa á jáde síbí. Bó bá funfun, kò séwu, ẹ máa yan ẹja yín lọ."

Moríkẹ́ dá fóònù kékeré náà padà fún ìyá ìyá rẹ̀. Ojú ewé ayélujára tó ṣí lórí rẹ̀ funfun lóòótọ́, òkun Ayétòrò sì dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Inú arúgbó dùn débi pé ẹja fẹ́ẹ̀ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Moríkẹ́ ló kọ ojú ewé náà fún ìdíje ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ìròyìn òkun máa ń wá nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní XML. Ètò kọ̀ǹpútà tó fi èdè JavaScript kọ ni yóò kà á, tí yóò sì gbé ìkìlọ̀ jáde. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ geere.

Ọ̀gbẹ́ni Wọlé, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, kò gbà. "Búráúsà kan ṣoṣo lo fi ṣí ojú ewé yìí dán wò. Bí ọ̀kan ṣe ń ka XML kọ́ ni òmíràn ń kà á, pàápàá lórí fóònù àtijọ́. Dán gbogbo wọn wò. Bí kò bá sì rí i kà, jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀."

"Màá ṣe é, sà."

Ṣùgbọ́n ìdíje ku ọ̀la. Happiness ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ta ló ń lo fóònù àtijọ́ mọ́? Jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ." Moríkẹ́ gba ipò kìíní, àwọn ará ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ojú ewé náà. Àtẹ́wọ́ ló jẹ́ kó gbàgbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òkun ru. Àwọn tí fóònù wọn jẹ́ tuntun rí ọ̀rọ̀ pupa, wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi. Promise, aládùúgbò wọn, ké sí Ìyá àgbà pé kó máa bọ̀.

Arúgbó gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Ọmọ ọmọ mi ló ṣe é. Ó ní bó bá funfun, kò séwu." Ó padà sídìí ẹja.

Òkun gbé ilé náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀, fóònù náà ṣì wà létí ìró rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Moríkẹ́ yá irú fóònù yẹn, ó sì fi fáìlì ọjọ́ náà dán an wò. Ìkìlọ̀ wà nínú fáìlì. Ojú ewé funfun báláú. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ọjọ́ méjì ló fi tún un kọ, Ọ̀gbẹ́ni Wọlé jókòó tì í. Ní báyìí, fóònù tí kò bá lè ka ìròyìn á kọ ọ́ gàdàgbà pé: "N kò rí i kà. Ẹ má dúró."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí a kò tíì dán wò lọ́wọ́ ẹni tí a ṣe é fún, a kò tíì parí rẹ̀. Moríkẹ́ ti parí tirẹ̀. Ẹni tó ṣe é fún ni kò sí mọ́.