Ẹsẹ̀ Bàbá Nínú Fídíò

"Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀ yín kúrò nílẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan."

Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá ń tẹ ilẹ̀ pálọ̀ kì-kì-kì, bí ẹni tí mọ́tò gidi wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ pupa tó yẹ kó máa sáré dúró gbagidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ọkọ̀ yòókù ń kọjá lára rẹ̀ fìà, fìà. Páàdì géèmù wà lọ́wọ́ bàbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ ti gbàgbé bọ́tìnnì tó yẹ kó tẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń gbìyànjú láti dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Aránṣọ ni bàbá yìí. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń fi ẹsẹ̀ yí máṣíìnì. Tó bá fẹ́ kó yára, ẹsẹ̀ ni. Tó bá fẹ́ kó rọra, ẹsẹ̀ ni. Ọwọ́ kàn ń tọ́ aṣọ sọ́nà ni. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé nǹkan kan wà láyé tó ń sáré láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ dá sí i, etí rẹ̀ gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́ ní tiẹ̀.

Tí kọ́nà bá dé, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga, á fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tó há abẹ́rẹ́ sétè. Tó bá kọlu ọkọ̀ ẹlòmíì, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, má bínú."

"Bàbá, wọn ò gbọ́ yín! Kò séèyàn nínú ẹ̀!"

"Ṣé ìyẹn wá ní kí n má bẹ̀bẹ̀ ni?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ ọ ti rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìjì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ní ìkóríta, torí pé tó bá di páàdì mú, ojú kì í lè bá ìka rẹ̀ sáré. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ládùúgbò náà, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó lè la ẹnu sọ pé òun máa nà án nínú eré ìje ọkọ̀.

Kí ló wá gbé aránṣọ dé ìdí géèmù? Onígéèmù ló fà á. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kéde pé ìdíje kan ń bọ̀ ní Sátidé: kí ẹni tó bá mọ géèmù gbá mú ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ kan tí kò gbá a rí wá, kó kọ́ ọ kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹni tuntun yẹn sì fúnra rẹ̀ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Ìjì sọ ọ́ nílé, bàbá ní, "Èmi ni kó o mú lọ."

"Bàbá, ẹ má ṣàwàdà."

"Mi ò ṣàwàdà. Gbogbo ìgbà ni mò ń bá ọ jà pé o ń pẹ́ níbẹ̀. Jẹ́ kí n wo ohun tó ń mú ọ pẹ́ náà kí n tó tún bá ọ jà."

Bó ṣe di pé bàbá ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ṣáájú àkókò nìyẹn, tó ń wálé wá jókòó sídìí ẹ̀rọ géèmù àlòkù tí ẹ̀gbọ́n Ìjì fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sílé ọkọ.

Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ yìí, fóònù Ìjì dún. Gúrúùpù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Òpó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin tó ga fíofío, ti fi fídíò ìyá rẹ̀ àgbà ránṣẹ́: màmá gbé páàdì sétí bíi fóònù, wọ́n ń ṣe "Hẹ́lòó? Hẹ́lòó?" Gbogbo gúrúùpù ti kú sẹ́rìn-ín. Òpó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ìjì, tìẹ dà? Àbí bàbá ẹ ti mọ̀ ọ́n gbá jù ẹ́ lọ?"

Ìjì wo fóònù, ó wo ẹsẹ̀ bàbá. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó gbé fóònù sílẹ̀. Ó gbọ́ dáadáa. Àmọ́ ó ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí, ó sì fẹ́ kó jẹ́ tòun ni wọ́n máa rín jù. Ó gbé fóònù sókè.

"Kí lò ń yà?" bàbá bi í, láìgbé ojú kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Kí ẹ lè rí àṣìṣe yín tó bá yá."

Inú bàbá dùn. "O ṣeun, ọmọ mi. Yà á dáadáa, kí ẹsẹ̀ yẹn hàn. Òun gan-an ni ọlọ̀tẹ̀ tó wà láàárín wa."

Ó yà á dáadáa. Ẹsẹ̀ náà hàn. Ó yà á títí dé ibi tí bàbá ti ń juwọ́ sí àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn pé, "Ẹ kọjá, ẹ kọjá, mi ò kánjú." Ó fi ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo awakọ̀ tó ń wa ilẹ̀ pálọ̀!"

Ẹ̀rín bú. "Ìjì, o pa mí!" "Ẹ gba lísẹ́ǹsì fún ẹsẹ̀ yìí o!" Ìjì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, orí rẹ̀ ń wú. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ti gbé fídíò náà lọ sí gúrúùpù míì, pé àwọn yẹn náà sì ti gbé e síwájú.

Nígbà tí Sátidé dé, bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tó rán fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, ó rọra fi ìgúnpá gbún ọmọ rẹ̀.

"Mo ti rí ọgbọ́n ta sọ́rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn. Tí mo bá ti jókòó, màá ká a sábẹ́ ara mi, màá jókòó lé e lórí. Ká wá wo ohun tó máa fi tẹ ilẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ìjì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú bàbá.

Yàrá tóóró ni ṣọ́ọ̀bù géèmù. Wáyà kún ilẹ̀, fáànù kan ń yí ojú sọ́tùn-ún sósì, àwọn àga oníke ti kún fún èèyàn. Bí bàbá ṣe wọlé, Òpó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Kì. Kì. Kì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà á. Kò pẹ́, gbogbo yàrá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ tàn. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kí àlejò káàbọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dá wọn lóhùn: kì, kì, kì.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Ìjì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Ẹ pa ẹnu mọ́!" onígéèmù jágbe. "Ṣé ẹ̀yin ò ní bàbá nílé ni?"

Ìyá àgbà Òpó, tí wọ́n mú wá síbi ìdíje náà, ló wá na fóònù sí bàbá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò sí èrò burúkú kankan lọ́kàn màmá. "Ọ̀gá aránṣọ, fídíò yín yìí mà dùn o! Tèmi náà wà níbẹ̀. Ọmọ mi bi mí kó tó fi ránṣẹ́, mo ní kó fi ránṣẹ́ jàre, kí aráyé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà lẹ ní kó fi ránṣẹ́, àbí?"

Bàbá gba fóònù náà. Ó wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Ó dá fóònù padà fún màmá, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"O ní kí n lè rí àṣìṣe mi ni." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Mo ti rí i."

Ì bá ti yí padà kó máa lọ. Àmọ́ onígéèmù pè é, ó sì lọ jókòó. Ó ká ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀ bó ṣe sọ. Àwọn yòókù ò mọ ìdí tó fi jókòó bẹ́ẹ̀. Ìjì mọ̀ ọ́n, ó sì dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un lọ́kàn. Àtàǹpàkò bàbá tẹ bọ́tìnnì tó yẹ, ọkọ̀ pupa gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lọ tààrà. Ó kọlu ògiri, ó kọlu ọkọ̀ ẹlòmíì. Kò sọ "Pẹ̀lẹ́ o" fún ẹnikẹ́ni.

Òun ló kẹ́yìn. Nígbà tó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ti kú mọ́ ọn lábẹ́, ó ní láti di àga mú. Ó gbé páàdì fún onígéèmù, ó ní, "Ẹ ṣeun." Òun ló wà níwájú títí wọ́n fi délé, Ìjì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó jalè.

Ẹ lè máa rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí o. Ojú títì ni ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kọjú sí, ẹnu ọ̀nà gan-an ni máṣíìnì rẹ̀ wà, torí pé bàbá fẹ́ràn kó máa kí èèyàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń kọjá á fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kí i. Awakọ̀ kan tiẹ̀ yọrí láti inú ọkọ̀: "Ọ̀gá, ẹ rọra sáré o, ọlọ́pàá ń bẹ níwájú!" Bàbá ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ nígbà tí Ìjì ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, ó rí aṣọ dúdú kan tí bàbá ta síwájú máṣíìnì, láti orí tábìlì dé ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá ò hàn mọ́. Kò gbójú sókè kí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìjì sáré lọ bá Òpó. "Mo ti pa fídíò yẹn rẹ́ nínú gúrúùpù. Jọ̀ọ́, pa tìẹ náà rẹ́."

"Mo ti pa á rẹ́ tipẹ́. Ó ti dọ́wọ́ àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ṣé kí n máa kan ilẹ̀kùn wọn ni?"

Ìjì padà sí ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Máṣíìnì dákẹ́.

"Ẹ̀rín yẹn kọ́ ló dùn mí," bàbá sọ. "Nígbà tí mo wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí ni pé èmi ni mo ní kó o jẹ́ kí ẹsẹ̀ hàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Mo rò pé èmi àti ìwọ la jọ ń gbá a."

Ẹkún gbọ̀n Ìjì. Ó na ọwọ́ sí aṣọ dúdú náà. "Ẹ jẹ́ kí n tú u. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán nǹkan. Èmi ni kí wọ́n máa wò."

Bàbá dìde fún un. Ìjì tú aṣọ náà, ó jókòó, ó gbé fóònù rẹ̀ fún bàbá. "Ẹ ya èmi náà. Ẹ fi ránṣẹ́ síbi tó bá wù yín."

Bàbá gba fóònù, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì. "Mi ò ní yà ọ́. Bẹ̀rẹ̀."

Ìjì bẹ̀rẹ̀. Máṣíìnì ò lọ. Ó tún fi ara sí i, kò lọ. Nígbà náà ló rí i pé ẹsẹ̀ òun dúró jẹ́ẹ́, àtàǹpàkò òun ló ń tẹ etí tábìlì kíkankíkan, bí ẹni tó di páàdì mú.

"Gbé ìka kúrò níbẹ̀," bàbá sọ jẹ́jẹ́. "Ẹsẹ̀ ni."

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń kọjá. Wọ́n rí i, wọ́n dúró, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀: kì, kì, kì. Ojú Ìjì gbóná bí iná. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ fa aṣọ dúdú náà padà síwájú ara rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" bàbá béèrè.

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Bó ṣe máa ń rí lára nìyẹn."

Ìjì fi ọwọ́ sílẹ̀, ó ń tẹ ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ géèmù gbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀rín ò burú. Ẹ bá òbí yín àti ọ̀rẹ́ yín rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá jókòó tì yín láti kọ́ ohun tí kò mọ̀, ó ti gbà kẹ́ ẹ rí òun níbi tóun ti kù díẹ̀ káàtó. Tẹ́ ẹ bá purọ́ fún un, tẹ́ ẹ wá lọ fi í ṣẹ̀sín káàkiri kí ẹgbẹ́ lè pàtẹ́wọ́ fún yín, ìwà ọ̀dàlẹ̀ lẹ hù, ẹ má pè é léré fún mi. Ẹ lè pa fídíò rẹ́, ẹ ò lè pa ohun tí ẹni náà ti rí rẹ́.

Aṣọ dúdú yẹn ò padà síwájú máṣíìnì mọ́. Ṣùgbọ́n nílé, páàdì bàbá ṣì wà lórí àga tó máa ń jókòó sí. Ìjì máa ń nu eruku ara rẹ̀, á sì dá a padà síbẹ̀. Ojú ṣì ń tì í láti ní kí bàbá mú un. Bàbá náà ò tíì mú un.