Ahọ́n Bàbá Olúsànyà

Ẹnikẹ́ni tó bá rí Oyinkọ́lá ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, bó ṣe ń fò lórí òkìtì iyanrìn ní sáìtì Lakowe, àwo oúnjẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù lọ́wọ́ òsì, yóò mọ̀ pé ọ̀kan nínú méjèèjì máa já bọ́, kò sì ní í jẹ́ fóònù.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ilé-ìwé fún wọn ní ìsinmi àárín sáà, màmá rẹ̀ sì ní kó gbé ẹ̀wà àti gaàrí láti ilé wọn ní Addo lọ fún Bàbá Olúsànyà, bàbá tó bí màmá náà, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Bàbá ni fóòmàn àwọn bíríkìlà tó ń kọ́ ilé-ìwé alájà kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn Oyinkọ́lá kò sí lọ́dọ̀ ẹ̀wà rárá. Ìjà ń lọ lórí ayélujára, ìjà ọ̀hún sì dùn.

Ìbò ku oṣù mẹ́rin. Lójú òpó kan tí wọ́n ń pè ní Gbàgede, àgbà kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ló ba Nàìjíríà jẹ́: wọn kì í kí ènìyàn, wọn kì í ní sùúrù, wọn ò níṣẹ́ méjì ju fóònù títẹ̀ lọ. Àṣé ilé agbọ́n ló fọwọ́ tọ́. Àwọn ọ̀dọ́ dá a lóhùn pé ta ló ń dìbò fún àwọn olè látọjọ́ yìí? Ta ló kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ tán, tó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀? Láti ọjọ́ yẹn, oorun ò kun àwọn ènìyàn mọ́. Oyinkọ́lá wà láàárín wọn digbí. Ọmọ Ajah ni orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Típà ṣẹ̀ṣẹ̀ da iyanrìn sílẹ̀ nígbà tó dé. Bàbá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó díẹ̀ lé ahọ́n, ó di ojú méjèèjì, ẹnu rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Kí Oyinkọ́lá tó mọ ohun tó ń ṣe, fóònù ti wà lókè, ó ti ń ya fídíò.

Bàbá tutọ́ nù. Ó yíjú sí Mọ́rúfù, ọ̀dọ́ bíríkìlà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. "Iyọ̀ wà nínú eléyìí. Ẹ̀bá òkun ni wọ́n ti kó o. Bí a bá fi da dẹ́kìn, irin inú ẹ̀ á dípẹtà, kò ní í pẹ́ tí á máa já lé àwọn ọmọ lórí. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Dẹ́kìn ni àjà kọ́ńkéré tó máa bo yàrá ìsàlẹ̀, tí àwọn yàrá òkè á sì jókòó lé. Oyinkọ́lá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ketekete. Ó gbé ẹ̀wà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó sì gba ilé lọ.

Nírọ̀lẹ́, Ọlámilékan wá bá a. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni, inú ilé kejì ló ń gbé. Ó ní, "Ọmọ Ajah, iná yìí fẹ́ kú o. Àwọn àgbà ti fẹ́ borí. Wá nǹkan tó lágbára."

Oyinkọ́lá ronú títí, ló bá rántí fídíò. Ọkàn rẹ̀ kan ní má ṣe é. Èkejì ní, ta ló máa mọ̀ ọ́n? Ṣebí fìlà iṣẹ́ bo ìlàjì ojú Bàbá. Ẹ kúkú mọ bí ọkàn kejì yẹn ṣe máa ń mú ọ̀rọ̀ dùn. Ó gé fídíò náà kù sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án péré, ibi tí Bàbá ti kó iyanrìn sẹ́nu títí dé ibi tó ti dijú. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ fún Mọ́rúfù, ó gé e sọnù. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Wọ́n jẹ owó ìlú tán. Wọ́n jẹ epo tán. Iyanrìn ló kù, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó lọ lóòótọ́. Kílẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ènìyàn ti wò ó. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pín in, wọ́n ń fi orin sí i. Nígbà tó di aago méjì, Rẹ̀míláyọ̀, obìnrin tó ni Gbàgede, fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí i: "Ọmọ Ajah, a ó máa fi ohùn sọ̀rọ̀ ní tààràtà ní Gbàgede lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́rin. Ìwọ lo máa gbẹnu sọ fún àwọn ọ̀dọ́." Oyinkọ́lá àti Ọlámilékan dì mọ́ra, wọ́n fò títí tí màmá fi béèrè bóyá ilé ń jó.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Bàbá dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká. Fóòmàn kì í délé lọ́sàn-án. Màmá Oyinkọ́lá sáré dìde. "Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Wọ́n ní kí n lọ sinmi." Bàbá jókòó. "Ẹni kan ya fídíò mi, ó gbé e sáyé. Pátákó ilé-ìwé wà lẹ́yìn mi níbẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí obìnrin tó ni ín, pé fóòmàn rẹ̀ ti ń jẹ iyanrìn. Ó ní wọ́n ń fi ilé-ìwé òun ṣe yẹ̀yẹ́, wèrè ò gbọdọ̀ da dẹ́kìn òun. Mọ́rúfù àtàwọn yòókù ló máa dà á lọ́jọ́ Ajé, iyanrìn yẹn náà ni wọ́n máa lò."

"Ẹ ò wá ṣàlàyé fún Ẹnjiníà Ọláyọdé tó ń bójú tó iṣẹ́ yín?"

"Mo ní iyanrìn yẹn ò dáa. Ṣé kí n tún máa ka ìwé fún un ni? Ọmọ tí mo bí irú ẹ̀. Ọmọ ayé òde òní kì í gbọ́ràn." Bàbá mí kanlẹ̀. "Mi ò mọ ẹni tó yà á. Ọmọ ẹnì kan ṣá ni."

Oyinkọ́lá ń jẹun lọ́wọ́. Ó dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

Ó sá lọ sínú yàrá, ó pa fídíò náà rẹ́ kúrò ní Gbàgede; èyí tó pé nìkan ló kù nínú fóònù rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn mìíràn ti kó o pa mọ́ sọ́dọ̀ tiwọn: ó rí i lójú òpó mẹ́rìnlá, ó sì ṣíwọ́ kíkà. Ọlámilékan ní, "Panu mọ́ jàre. Sọ̀rọ̀ rẹ lọ́la, kó o di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Wọ́n á gbàgbé." Bóyá òótọ́ ni, wọ́n á gbàgbé. Ṣùgbọ́n kọ́ńkéré kì í gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ajé ò jìnnà mọ́. Ẹ̀rù bà á gidi. Bó bá jẹ́wọ́, Ọmọ Ajah kú nìyẹn. Bó bá dákẹ́, orúkọ Bàbá bàjẹ́, àwọn ọmọ á sì máa kàwé lábẹ́ àjà tó ń jẹra nínú.

Aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú lù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ènìyàn ló wà ní Gbàgede. Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Akínọ̀ṣọ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn àgbà. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó pòwe, ó pa á dáadáa, ó ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Rẹ̀míláyọ̀ wá ní, "Ọmọ Ajah, ó kàn ọ́. Bá wa dáná yá."

Ìwé tí Oyinkọ́lá kọ ọ̀rọ̀ sí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ta bí ata. Ó gbójú sókè. Lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Olúsànyà jókòó sórí àpótí, ó ń nu àwọn irinṣẹ́ tí kò ní í lò lọ́la. Oyinkọ́lá ká ìwé náà.

"Orúkọ mi ni Oyinkọ́lá. Bàbá inú fídíò yẹn, bàbá mi àgbà ni. Wọn kì í jẹ iyanrìn, wọ́n ń tọ́ ọ wò ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kúrò. Ẹ gbọ́ èyí tó kù." Ó tẹ fídíò tó pé, ohùn Bàbá sì jáde: ẹ má fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ni òkò ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àwọn àgbà ń fò fún ayọ̀. Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ní, "Ẹ rí nǹkan tí mò ń sọ? Ọmọ ayé òde òní..."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Oyinkọ́lá sọ, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo ṣẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọmọ ayé òde òní. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa da dẹ́kìn yẹn. Ẹ fi ìjà sílẹ̀, ẹ bá mi wá ẹni tó lè dá wọn dúró."

Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ní, "O wí ire. Ta ló mọ bí a ṣe ń yẹ iyanrìn wò?"

Ohùn obìnrin kan wọlé. "Oyinkọ́lá, Àǹtí Adébùkọ́lá nìyí." Tísà kẹ́mísìrì wọn ni. Àṣé ó ti ń gbọ́ wọn láti ilé rẹ̀ ní Thomas Estate. "Mo ní omi oògùn tí a fi ń dá iyọ̀ mọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la, pàdé mi lẹ́nu géètì wa."

Nígbà tí Oyinkọ́lá yíjú padà, Bàbá ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Oyinkọ́lá wólẹ̀ lórí eékún.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Bàbá ní, "Màá tẹ̀ lé yín lọ́la. Kì í ṣe nítorí tìẹ o. Àwọn ọmọ tó máa jókòó lábẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe mí láàánú." Ó dun Oyinkọ́lá dọ́kàn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó tọ́ sí òun.

Ẹ̀rọ tó ń po kọ́ńkéré ti ń kùn nígbà tí wọ́n dé Lakowe. Mọ́rúfù ti gbé ṣọ́bìrì. Oyinkọ́lá fò bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kó tó dúró tán, ó sáré, bàtà rẹ̀ kan yọ, kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á!"

Ẹnjiníà Ọláyọdé, ọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kọ́kọ́ bínú. Ṣùgbọ́n òun náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Gbàgede, ó sì jẹ́ kí Àǹtí Adébùkọ́lá gbé ìgò mẹ́ta kalẹ̀. Omi mímọ́ lásán wà nínú ọ̀kan. Omi tí wọ́n fi fọ iyanrìn odò tí wọ́n fi ń mọ bulọ́ọ̀kù wà nínú èkejì. Omi tí wọ́n fi fọ iyanrìn tuntun náà wà nínú ẹ̀kẹta, wọ́n sì sẹ́ gbogbo rẹ̀ títí ó fi mọ́ gaara. Àǹtí kán oògùn sí i. Ìgò kìíní ò yí padà. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ẹ̀kẹta funfun báláú bí omi ògì: iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn bíríkìlà pariwo. Mọ́rúfù pa ẹ̀rọ. Ẹnjiníà bọ́ akoto orí rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò ṣàlàyé fún mi? Ǹ bá gbọ́."

Bàbá fà á dìde. "Nílé wa n'Íkìrun, a kì í tọ́ iyanrìn wò, inú odò la ti ń kó o. Ilé àkọ́kọ́ tí mo kọ́ l'Ájah, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ títì Ẹ̀pẹ́ lójú, iyọ̀ jẹ irin ẹ̀, a sì wó o fúnra wa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún yín. Mo rò pé bí àgbà bá ń ṣàlàyé, ó ti kéré nìyẹn. Èmi náà jẹ̀bi."

Obìnrin tó ni ilé-ìwé gbọ́, ó pe Bàbá lórí fóònù, ó tọrọ gáfárà, Bàbá sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọlámilékan, tó bá wọn wá, ya fídíò àwọn ìgò mẹ́ta náà, ó gbé e sí Gbàgede. Ẹgbẹ̀rún méjì péré ló wò ó. Ayé nìyẹn: irọ́ ní ẹsẹ̀ púpọ̀ ju òótọ́ lọ. Orúkọ Ọmọ Ajah parẹ́, màmá sì gba fóònù lọ́wọ́ Oyinkọ́lá, ó ní ó di ẹ̀yìn ìdánwò.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ilé-ìwé, Oyinkọ́lá tún gbé oúnjẹ lọ. Láti ọjọ́ Àìkú, Bàbá kì í bá a sọ ju "o ṣé" lọ. Típà ti da iyanrìn mìíràn. Bàbá bu díẹ̀, ó rà á, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu, ló bá dúró. Ó na ọwọ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Tọ́ ọ wò."

Oyinkọ́lá kó o lé ahọ́n, ó di ojú méjèèjì. Iyanrìn náà ń ha eyín rẹ̀. Ó dúró, ó ń wá iyọ̀.

"Kí lo gbọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Kò-sí-nǹkan yẹn gan-an la ń wá." Bàbá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún. "Ẹ da dẹ́kìn, ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ máa jiyàn nípa ìlú yín, ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan kù kí tiyín lè dùn, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán. Àgbà tó bá sì mọ nǹkan, kó ṣàlàyé. Abẹ́ àjà kan náà ni gbogbo wa jọ jókòó sí.