Adìẹ Tí Ìdrís Dú

Ọjọ́bọ̀ ni Jáàkì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó kọ lù ú. Màmá Nkechi tó ni ajá náà gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti òsì, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, kò rí ọgbẹ́, kò rí ìwú.

"Nobody touch am o," ló ń wí fún gbogbo ará ilé.

Ràódàt tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ẹsẹ̀ òsì lòun náà ń tọ́jú.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbá a nígbà tó ń ti ọjà Ose Okwodu bọ̀, níbi tí Ìdrís ọkọ rẹ̀ ti ń ta ata. Eegun ojúgun rẹ̀ kán. Bàbá Adélékè, ọmọ Ọ̀fà tó ń to eegun ní Obosi, ló tò ó, tó fi ọparun àti aṣọ dì í. Bí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe é ló ṣe é: ó ní kí wọ́n mú àgbébọ̀ adìẹ kan wá, ó dá ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sì dì í bó ṣe di ti Ràódàt.

"Tọ́jú ẹ̀ dáadáa," ló sọ fún Ìdrís. "Ọjọ́ tí adìẹ yìí bá rìn, ìyàwó ẹ á rìn."

Kí òun sáà rìn ni gbogbo àdúrà Ràódàt. Télọ̀ ni, ẹsẹ̀ ló fi ń wa máṣíìnì. Fàdìlàt, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà, Ìdrís a sì ti lọ sọ́jà kí oòrùn tó mú. Àfi òun àti ògiri, àfi Jáàkì. Ajá náà á yọ́ wọlé, á gbé àgbọ̀n lé ojúgun tí wọ́n dì, ìrora á sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ràódàt á máa bá a tàkúrọ̀sọ bí ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bèèrè pé kí ni Mùsùlùmí ń fi ajá ṣe, ẹ rọra o! Ẹni tí ìrora ò jẹ́ kó sùn ló mọ ohun tó ń tù ú nínú.

"Màláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà," Ìdrís a máa kùn.

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Fàdìlàt. Tí mo bá rìn tán, èmi fúnra mi ni màá lé e."

Àmọ́ látìgbà tí ajá ti ń tiro, nǹkan yí padà. Bí ìrora bá gún Ràódàt nínú yàrá, Jáàkì ló máa kọ́kọ́ ké ní ìta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, abọ́ irin já bọ́ lọ́wọ́ Màmá Nkechi, ó bọ́ lé ẹsẹ̀ ajá náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Ràódàt wà tó fi lọgun. Nígbà tó ṣí aṣọ, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè sọ fẹ́nì kankan.

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Adélékè wá wò ó. Ó tẹ ojúgun náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Eegun ti ń so. Adìẹ wa dà?"

Ìdrís wolẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ti ń kú lọ, ojú ẹ̀ ti ń yí. Mo sáré ṣe bísímílááì, mo dú u, kó má di òkúǹbete."

"Ẹran ẹ̀ ńkọ́?"

"Mo fi se ọbẹ̀ aláta fún Ràódàt. Mi ò sọ fún un ni."

Háà! Ràódàt rántí ọbẹ̀ alẹ́ Ọjọ́rú. Ata rẹ̀ ta á dé etí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Eegun ẹsẹ̀ kan nínú abọ́ náà wọ́ bí èyí tó ti kán rí, ó wò ó títí, ó sì jù ú sí Jáàkì.

"Ta ló jẹ eegun ẹsẹ̀ ẹ̀?" Bàbá bèèrè.

Ràódàt nàka síta. Jáàkì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ẹsẹ̀ òsì sókè, ó ń wò wọ́n.

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ràódàt, ẹsẹ̀ ẹ ti wà lára ajá yìí. Bó bá rìn, wàá rìn. Àmọ́ má jẹ́ kó jìnnà sí ẹ o. Ibi tó bá lọ, ẹsẹ̀ ẹ á fẹ́ tẹ̀ lé e."

"Àsìtàgfúrúlááì!" Ìdrís ò gbọ́ ju pé ẹsẹ̀ ìyàwó òun wà lára ajá lọ. Jìnnìjìnnì mú un. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ bẹ Màmá Nkechi pé kó fi ajá náà fún àbúrò rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Asaba. Ràódàt ń sùn lọ́sàn-án nígbà tí wọ́n gbé Jáàkì lọ.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ló jí. Ìdrís jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ja tẹsùbáà.

"Jáàkì dà?"

"Ó ti lọ Asaba. Ara ẹ̀ ti yá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi sáré wọ ọkọ̀."

Ràódàt nawọ́ sí fóònù ọkọ rẹ̀. "Ẹ pè wọ́n! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n dá a padà!"

Ìdrís pè, ohùn àbúrò Màmá Nkechi sì jáde nínú fóònù. "We don reach bridge o. This dog dey cry like person."

Ìka ẹsẹ̀ Ràódàt mì lábẹ́ aṣọ. Kì í ṣe òun ló mì í. Ẹsẹ̀ òsì náà sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹlẹ̀ gírí, ó wọ́ ọ dìde. Ràódàt di máṣíìnì mú, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó di kọ́tìnnì mú, kọ́tìnnì ya. Ọparun ń kọ gbà, gbà, gbà lórí símẹ́ńtì.

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Ìdrís. Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Alihamudulilahi! Ràódàt, o ti ń rìn!"

Ó forí kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún ayọ̀.

"Ẹ dì mí mú," Ràódàt wí. "Bàbá Fàdìlàt, ẹ dì mí mú! Èmi kọ́ ni mò ń rìn!"

Orí Ìdrís ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ náà ré e kọjá.