Ẹ́ńjìnnì Inú Ilé Àgbàdo

Òjò ti ń rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ sààrì tán. Oṣù ààwẹ̀ ni, ní Kambolé, lọ́dún tó ṣáájú ọdún tí ogun lé àwọn Jámánì kúrò ní ilẹ̀ Togo. Ṣítù bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ ilé àgbàdo, ó lọ bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bó ti ń ṣe láràárọ̀. Kúbúrá, ìyàwó rẹ̀, ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ń yín àgbàdo ní igun ilé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni òjò kì í jò nínú agbo ilé wọn.

"Bàbá Àmínà, ẹ tún ti dé ọ̀dọ̀ orogún mi," ni Kúbúrá wí.

"Orogún rẹ yìí ni yóò máa bá ọ lọ ọkà tí apá kò fi ní máa ro ọ́ mọ́. Máa fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Èmi kọ́ ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló ń fi yín ṣe é."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bí ilé ṣe máa ń rí nìyẹn kí nǹkan tó dé bá a.

Ẹ́ńjìnnì náà ti gbó kó tó dé Kambolé. Inú ọkọ̀ Òyìnbó oníṣòwò kan ní Sokodé ló wà tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni Ṣítù fi bá Òyìnbó náà ṣiṣẹ́, ó ń fọ ọkọ̀, ó ń bu omi sí i. Nígbà tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò lọ mọ́, tí Òyìnbó sì ń padà sí ìlú rẹ̀, ó ní kí Ṣítù máa gbé ẹ́ńjìnnì lọ, pẹ̀lú agolo bẹ́ńsìnnì mẹ́rin, ohun tí ará ìlú wa ń pè ní ẹ̀sáǹsì lónìí. Ọkùnrin mẹ́jọ ló fi ọ̀pá gbé e láti Sokodé gba Tchamba dé ilé. Ṣítù so ó mọ́ ọlọ irin kan, ó sì dìde ní mọ́ṣáláṣí, ó ní kí Ìtunu Ààwẹ̀ tó dé, kò sí obìnrin tí yóò kúnlẹ̀ ti ọlọ òkúta mọ́ ní Kambolé.

Èrò rere ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi kò bá a jà lórí èrò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti ẹ́ńjìnnì gbígbó nílé rí, ẹ mọ ohun tí ojú ń rí. Bí o bá di ibí, ọ̀hún á là. Ṣítù fi awọ ewúrẹ́ dí ibi tí irin méjì ti pàdé, awọ jóná lọ́jọ́ kejì. Ó gé òmíràn, ó fi òrí pa á, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti ibi tí kò jò tẹ́lẹ̀. Ó rí ti omi ṣe, ẹ́ńjìnnì kò tan mọ́. Irin tí wọ́n fi ń yí i ta padà lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kó ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́. Páìpù tí ń gbé èéfín jáde sì ti dípẹtà, ó ti jẹ ihò, ló bá kúkú gé e dànù, ó ku kùkùté. Ohun tó ń gé dànù, kò mọ̀ ọ́n.

Abẹ́ igi emi, igi tí ń so òrí, tó wà níwájú ilé ló ti kọ́kọ́ ń tún un ṣe. Ìjókòó àwọn aláwàdà wá di abẹ́ igi yẹn. "Ṣítù, kí ló dé tí kò fi fọhùn? Ṣé òun náà ń gbààwẹ̀ ni?" Wọn á rẹ́rìn-ín títí. Yẹ̀kínì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pàápàá máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Ṣítù wọ egungun. Bí òjò ṣe wá pọ̀, ó rí àwáwí, ó ní ọ̀rinrin kò jẹ́ kí iná ta nínú ẹ̀rọ, ó gbé e wọ ilé àgbàdo, ó fi ẹní dí fèrèsé, ó sì ń ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ kẹta tí ẹ́ńjìnnì ti wọlé ni orí ti ń fọ́ Kúbúrá. Ẹ̀rọ á tan, á wúkọ́ èéfín dúdú, á kú. Ṣítù á tún un yí. Bẹ́ẹ̀ ni títí ọjọ́ fi ń rọ̀. Ṣítù ń jáde lọ kírun, ó ń jáde lọ wá irinṣẹ́, ti òun kò tó bẹ́ẹ̀.

"Orí yìí ti pọ̀ jù," ni Kúbúrá wí láàárọ̀ òjò tí mo ń sọ yìí. "Èébì sì ń gbé mi."

"Ààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ wo? Ààwẹ̀ tí mo ti ń gbà kí n tó mọ̀ yín? Lánàá tí mo lọ wa iṣu lóko, ṣebí ẹnu mi gbẹ, ebi pa mí. Orí kò fọ́ mi. Mo dé, mo jókòó síbí, ẹ tan orogún mi, orí bẹ̀rẹ̀."

"Ìyá Àmínà, ìwọ àti àròyé. Bí a bá ṣínu, á lọ."

Nígbà tí wọ́n bá sì ṣínu lágbàlá, ó ń lọ lóòótọ́. Kò lè ṣe kó má lọ, ìta ni wọ́n wà. Báyìí ni gbogbo ilé ṣe gbà pé ààwẹ̀ ni. Kúbúrá nìkan ni kò gbà, ó sì jẹ́ obìnrin tí kì í tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ́ńjìnnì kọ̀ pátápátá. Ṣítù yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, irin kékeré tí ń ta iná sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, ó dì í sínú aṣọ, ó gba ọ̀nà Sokodé. Ó lọ bá Sàídù ní Komah, àdúgbò kan níbẹ̀. Sàídù yìí ń wa ọkọ̀ fún ilé ìṣòwò kan, òun náà ló sì ń tún un ṣe.

"Sannu, Ṣítù, o kú ìrìn. Wọ́n ní o ti di ọlọ́lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

Sàídù wò ó, ó ní ó ti kú. Ó lọ mú òmíràn tó ṣì dára nínú ẹrù rẹ̀ wá. Ó ń fi bẹ́ńsìnnì fọ̀ ọ́ nígbà tó béèrè pé, "Níbo lo gbé ẹ́ńjìnnì náà sí tí o ti ń tún un ṣe?"

"Inú ilé àgbàdo. Òjò kò jẹ́ ká ráyè níta."

"Páìpù èéfín ńkọ́? Ṣé ó gba ara ògiri jáde?"

"Ó ti dípẹtà. Mo gé e."

Ọwọ́ Sàídù dúró. "Gbé e jáde. Ọjọ́ tí o bá délé gan-an ni kí o gbé e jáde."

"Torí èéfín? Ṣebí bí mo bá fi èyí sí i, èéfín dúdú yẹn á tán."

"Ta ló ń bá ọ sọ ti èéfín dúdú? Èyí tó dúdú ṣì ṣàánú ọ, á lé ọ sá jáde. Òmíràn wà nínú ẹ̀ tí ojú kì í rí, imú kì í gbọ́ òórùn ẹ̀. Bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì máa dún dáadáa tó, ó ń tú u jáde. Níta, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Nínú ilé, á máa kún ni, ẹni tó wà níbẹ̀ á máa fà á símú. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ọ, èébì á gbé ọ, ara rẹ á rọ̀, oorun á wá máa kùn ọ́. Bí o bá sùn, ó tán nìyẹn. Àwọn méjì tí mo mọ̀ sùn bẹ́ẹ̀ nínú ilé ọkọ̀ létí òkun. Wọn kò jí."

Ṣítù gba púlọ́ọ̀gì náà, ó ń dì í sínú aṣọ.

"Ṣé orí ń fọ́ ẹnikẹ́ni nílé rẹ?" ni Sàídù bi í.

"Rárá o," ni Ṣítù dáhùn.

Ẹ gbọ́ irọ́! Kí ló fà á? Ìtìjú ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Sàídù yóò bi í pé ta ni, yóò sì ní láti sọ pé ìyàwó òun ti rí i kí òun tó rí i. Lójú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara rẹ̀. Ó ní àwọn ará Komah fẹ́ràn àsọdùn. Ó ní bí òun bá tún gbé ẹ̀rọ padà síta, àwọn aláwàdà á ní ẹ wá wò ó, ó tún ti dé. Ó ní òun yóò gbé e jáde bí òjò bá dá. Nígbà tó dé ọjà Tchamba, wọ́n bi í pé ọlọ ńkọ́, ó ní kí wọ́n máa gbọ́ ìró rẹ̀ kí oṣù tó lé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn dé ilé, kò sì sọ ọ̀rọ̀ Sàídù fún ẹnì kankan.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ ló fi púlọ́ọ̀gì náà sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ló yí irin, ẹ́ńjìnnì tan. Kò wúkọ́. Èéfín dúdú kò sí. Ó ń dún geere, ọlọ ń yí, ìyẹ̀fun àgbàdo ń dà sínú igbá. Ṣítù fò sókè. Kúbúrá náà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Àmínà! Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ orogún mi." Ayọ̀ wà nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́.

Àwọn obìnrin gbé àgbàdo wá, wọ́n kó o sílẹ̀, wọ́n padà sídìí oúnjẹ ìṣínu. Nígbà tó di ìrun Alásárì, Ṣítù wẹ̀ láti lọ sí mọ́ṣáláṣí.

"Máa bu àgbàdo sí i títí n ó fi dé."

Kúbúrá di iwájú orí mú. "Ẹ jẹ́ kí n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Orí yìí ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Òjò á fẹ́ kan ẹ̀rọ. Ó ku díẹ̀ ká ṣínu, fara dà á."

Ọ̀rọ̀ Sàídù wá sí i lẹ́nu níbẹ̀. Ó wò ó pé èéfín kò sí, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó fa ilẹ̀kùn tì.

Wọ́n ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ní mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n yí Ṣítù ká, àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín lánàá ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó jókòó, ó ń sọ bó ṣe ṣe é fún wọn. Ó sọ ọ́ títí. Yẹ̀kínì ló kọ́kọ́ gbé orí sókè.

"Ṣítù, ìró yẹn ti yàtọ̀. Ó dà bí ẹni pé ọlọ ń yí lásán."

"Ó ń dúró de àgbàdo mìíràn ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó tún jókòó. Nígbà tí wọ́n pè fún ìṣínu, tí àwọsánmà kò jẹ́ kí wọ́n rí oṣù, òun àti Yẹ̀kínì gba ilé lọ. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún. Àmínà, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú igbá kókó, ẹ̀kọ mímu tí wọ́n fi ń ṣínu. Ó ní, "Bàbá, mo ń pe Ìyá, wọn ò dáhùn."

Ṣítù ṣí ilẹ̀kùn. Kúbúrá jókòó, ó fẹ̀yìn ti àpò àgbàdo, igbá ṣì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Yẹ̀kínì sáré wọlé láti gbé e. Ó pẹ́ díẹ̀ níbi tó ti ń fà á láàárín àpò, òyì kọ́ ọ, òun náà ṣubú. Ìgbà yẹn ni Ṣítù tó kígbe. Ó sé èémí mọ́nú, ó fa wáyà orí púlọ́ọ̀gì yọ kí ẹ́ńjìnnì lè kú, ó ya ẹní ojú fèrèsé, ó wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síta, ó padà wọ́ ìyàwó rẹ̀. Yẹ̀kínì bì, ó sì mí. Wọ́n bu omi sí Kúbúrá lójú, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n pè é títí òru fi jìn. Kò dáhùn. "Ìnnà lílàhì," ni Lèmọ́mù wí, gbogbo agbo ilé sì bú sẹ́kún.

Wọ́n sin ín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n fi parí ààwẹ̀. Àwọn èèyàn ń tu Ṣítù nínú. Wọ́n ní kádàrá ni, wọ́n ní ẹni tó kú nínú ààwẹ̀, àlùjáńnà ló lọ. Kò sí ẹni tó fura sí ẹ́ńjìnnì, Yẹ̀kínì pàápàá rò pé ààwẹ̀ àti ìpayà ló gbé òun ṣubú. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mọ́nú títí láé, ààyè ti ṣí sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà, bàbá Kúbúrá, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àdìsá, pe Ṣítù. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, má sunkún mọ́. A ó fi Fàúsátù sílẹ̀ fún ọ kó máa tọ́jú Àmínà, kó sì máa bá ọ mójú tó ọlọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn. Ó ti wà níbẹ̀ tó ń gbálẹ̀."

Ṣítù yíjú. Fàúsátù, àbúrò Kúbúrá, ń fi ẹní dí fèrèsé ilé àgbàdo padà kí òjò má baà wọlé.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ pè é jáde! Ẹ pè é jáde kíá! Kì í ṣe kádàrá lásán. Èéfín ẹ̀rọ yẹn ló pa Kúbúrá. Wọ́n ti sọ fún mi ní Komah. Kúbúrá pàápàá sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ ni, mo ní ààwẹ̀ ni."

Bàbá Àdìsá bi í pé:

"Ọjọ́ mélòó lo fi rìn láti Komah dé ilé?"

"Mẹ́ta, Bàbá."

"Ọjọ́ mẹ́ta. O sì tún dé, o bá a gbé, o jẹun tó sè." Ohùn bàbá náà kò sókè rárá. "Fàúsátù, jáde. Lọ di ẹrù Àmínà."

Wọ́n mú ọmọ náà lọ lọ́jọ́ yẹn. Ṣítù kò lè sọ pé kí wọ́n má mú un lọ. Àwọn ọkùnrin gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí pápá lẹ́yìn ìlú, kò sì sẹ́ni tó tún tan án mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ayé Jámánì ti lọ, ṣùgbọ́n èéfín yẹn kò lọ. Ó wà nínú jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń tàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Ó wà nínú alùpùpù tí ẹ ń tún ṣe nínú yàrá nítorí òjò, ó sì wà nínú ìkòkò èédú tí ẹ ń gbé wọlé nígbà ọyẹ́. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nínú ilé, ì báà ṣe pé fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bí orí bá ń fọ́ yín níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, tó sì ń lọ bí ẹ bá jáde, ẹ má pè é ní ebi, ẹ má pè é ní ibà, ẹ jáde kíá. Bí ẹnìkan bá ṣubú níbẹ̀, ẹ má sáré wọlé bí Yẹ̀kínì. Ẹ ṣí gbogbo ibi tó ṣeé ṣí, ẹ ké sí ènìyàn, ẹ fà á síta, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn, bó tilẹ̀ ti jí.

Ní báyìí, ẹ ti mọ ohun tí Ṣítù mọ̀ nígbà tó kúrò ní Komah. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé yín lónìí.